Opó Inú Ìwé

Oṣù Èrèlè ni. Òtútù ń bu ni jẹ ní Wínípẹ̀gì.
Mo wọ ilé bíríkì tí wọ́n fẹ́ sọ di fúláàtì
lẹ́bàá Odò Pupa tó ti dì gbagidi.
Metodi Hírínṣùkì, òǹtẹ̀wé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó ní kí n wá wò ó
kí àwọn tó ń ra irin àlòkù tó dé.

Inú bọ́ọ̀sì la ti mọra. Ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe.
Mo ní: ojú ìwé ni mò ń ṣe, èyí tí kò ní ìwé nínú.
Ó rẹ́rìn-ín títí èémí fi bo dígí ojú rẹ̀.

Ó fi àpótí onígi méjì hàn mí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.
Lẹ́tà ńlá ń gbé òkè, lẹ́tà kékeré ń gbé ìsàlẹ̀.
Ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi ń pe lẹ́tà ńlá ní ti àpótí òkè.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ orúkọ yẹn sínú kóòdù,
n ò bèèrè rí pé ta ló ni àpótí.

Ó fi òjé pẹlẹbẹ kan lé mi lọ́wọ́.
Ó wúwo ju ìrísí rẹ̀ lọ.
"Èyí la fi ń sáàárín ìlà, kí wọ́n má baà gun ara wọn lórí."
Èmi náà ń fi àlàfo sáàárín ìlà:
nọ́ńbà lásán, ọ̀kan ààbọ̀, kì í dọ̀tí ọwọ́.
Síbẹ̀ orúkọ òjé ò kúrò lára rẹ̀,
bí oríkì baba tó ti kú lára ọmọ tí ò mọ̀ ọ́n.

Àlàfo àárín òpó ọ̀rọ̀ méjì, gọ́tà ni wọ́n ń pè é.
Mo ní nílé wa, gọ́tà lohun tí à ń fò ká tó wọlé.

Ó ṣẹ́ ìwé ìròyìn po sí méjì, ó na ìka sí i:
ìròyìn tó bá fẹ́ jẹun, kó wà lókè ibi ìṣẹ́po.
Àwọn oníbàárà mi ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi,
lórí fóònù. Dígí ni o.
Bí mo bá ṣẹ́ ẹ po, ó parí.

Àwa ńkọ́? Bàbá yìí fi ọdún márùndínlọ́gọ́ta tẹ̀wé.
Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń tẹ fóònù.
Tẹ̀ kan náà ni.
A wo gbogbo wáyà ayé, a ní ìtàkùn ni,
bí ẹni pé igbó ẹ̀yìnkùlé wa ló ti fà wá.

Ìgbà náà ló wá tọ́ka sí ìlà kan lókè ewé,
ìlà ìkẹyìn, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kù sí ẹ̀yìn ewé,
tó dá nìkan sọdá.
"Opó," ó ní.
Èyí tó dá dúró nísàlẹ̀, tí ìdílé rẹ̀ ti ṣí lọ síwájú,
ọmọ òrukàn nìyẹn.
Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Épírọ́ọ̀nù méjì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
èyí tó kéré mọ́ tónítóní.
"Larísà ló máa ń ka ìwé kí n tó tẹ̀ ẹ́.
Kì í jẹ́ kí opó kankan lọ."

Lédè tèmi, ohùn ló ya òpó sọ́tọ̀ sí opó.
N ò sọ fún un.

Lálẹ́ mo ṣí iṣẹ́ mi, mo kọ òfin síbẹ̀:
ìlà kan ò gbọdọ̀ dá wà, ó kéré tán kí wọ́n jẹ́ méjì.
Ojú ìwé gbọ́, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.
Aago mọ́kànlá níbí, ilẹ̀ ti ń mọ́ ní Ìkìrun.
Mo pe ìyá mi. Fóònù ò dún tán tó fi gbé e.
"Ṣé kò sí?"
Mo ní kò sí, Mọ̀ọ́mì.
Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín ni.